Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Àbúrò Mi Já Látojú Sánmà, Kò Sì Kú

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ tì wá àtẹ̀yin tí ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóru pé "ara rẹ̀ ńkọ́ lónìí?", ẹ kú àdúrótì o. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí àbúrò mi bá dìde tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, n ó jẹ́ ẹ̀rí yìí ní gbangba. Ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó tilẹ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ń bínú pé ta ló gbé bàtà òun pa mọ́. Nítorí náà, mo wá san ẹ̀jẹ́ mi.

Àwọn àgbà ní ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ni ká dú. Tiwa ò mú fìlà o, eegun ẹ̀yìn ló mú, pẹ̀lú eegun gìgísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń bẹ níbẹ̀, iyè rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ́ ohun tí orí bá rán wọn. Ọpẹ́ ni mo wá dú.

N ò ní sọ ẹ̀rí yìí láàbọ̀. A ti gbọ́ ẹ̀rí púpọ̀ tí wọ́n á ní "ewu ńlá kan dé, Olúwa sì yọ wá", ẹni tó ń gbọ́ á ṣàmín, kò sì ní mọ irú ewu tó jẹ́. Èmi fẹ́ kí ẹ mọ bí ewu yìí ṣe ga tó sílẹ̀, ní mítà, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún gan-an. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Àbúrò mi ń ṣe eré fífò tí wọ́n ń pè ní paragliding. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n rán bí ìyẹ́. Kò ní irin nínú, kò ní ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ láti iwájú nìkan ló ń mú un le, bí afẹ́fẹ́ yẹn bá sì jáde, aṣọ lásán ni. Okùn tín-ín-rín púpọ̀ ló so ó mọ́ ẹni tó ń fò, ẹni náà á jókòó sínú àga alábẹ́líìtì kan, nǹkan bíi mítà 7 sísàlẹ̀ aṣọ. Á sáré kúrò lórí òkè, aṣọ á gbé e. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, tí kò fi nǹkan ṣeré, bíi mítà kan péré ló máa ń sọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi gan-an ti bá ẹni tó mọ̀ ọ́n fò rí, àwa méjì lórí aṣọ kan, mo sì gbádùn rẹ̀ débi pé mo gbàgbé láti pa ẹnu dé. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo wá bú eré náà.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí àbúrò mi ń fi tirẹ̀ dá. Òkìtì ló ń ta lójú sánmà. Mo ti mọ orúkọ gbogbo wọn tipátipá, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ nílé. Wingover ni kéèyàn máa fì sọ́tùn-ún, kó fì sósì, títí ara rẹ̀ á fi ga tó aṣọ tàbí kó gòkè jù ú lọ. Spiral ni kéèyàn máa yí bí òkòtó, tí imú aṣọ á dojú kọ ilẹ̀, tí òun àti aṣọ á máa já wálẹ̀ ní mítà 10 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. SAT tún wà, tí Raul Rodriguez ọmọ Sípéènì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde. Aṣọ á máa lọ síwájú, ẹni tó so mọ́ ọn á máa fẹ̀yìn rìn, àwọn méjèèjì á jọ máa yí ká ibì kan tó wà láàárín wọn. Èyí tí àbúrò mi fẹ́ràn jù, tí kò tíì lè ṣe, ni òkìtì àìlópin: kéèyàn máa gba orí aṣọ ara rẹ̀ kọjá, léraléra, bí ẹni pé ilẹ̀ ò sí mọ́.

Lọ́dún 2012, Horacio Llorens, ọmọ Sípéènì lòun náà, ta òkìtì àìlópin yìí nígbà 568 láìdúró lójú sánmà Guatemala. Àbúrò mi á gbé fídíò rẹ̀ sí mi lójú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ẹ kà á!" Mo bá a kà á títí ó fi sú mi. Ohun tí n ò kíyè sí nígbà náà ni ibi tí ọkùnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Hẹlikópítà ló gbé e lọ sókè, ó tó nǹkan bíi mítà 6,000 kó tó fi ara sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ölüdeniz nílẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àwọn olókìtì máa ń rọ́ lọ: orí òkè Babadağ ni wọ́n ti ń gbéra, àwọn ibi ìgbéra tó ga jù níbẹ̀ lé ní mítà 1,700, òkun ló sì wà nísàlẹ̀ wọn. Níbi ìdíje, orí omi ni wọ́n sábà máa ń fi sí, ọkọ̀ ojú omi á ti dúró de ẹni tó bá já. Gbogbo ayé ń ka òkìtì. Èmi wá mọ̀ báyìí pé mítà ló yẹ kí n máa kà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sí ìjì, kò sí òjò. Ọjọ́ ti rọ̀, afẹ́fẹ́ ti fara balẹ̀. Àbúrò mi ti ta èyí tó wù ú tán lókè lọ́hùn-ún, níbi tó yẹ kó ti ta á. Ohun tó kù ni kó rọra sọ̀ sí pápá tí gbogbo wa dúró sí: èmi, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àtàwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí tí wọ́n gbé fóònù sókè. Ẹnì kan pariwo pé, "Dá a fún wa!" Àbúrò mi ní òun ò gbọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ní mítà 1,000 lókè. Pápá ìsọ̀kalẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni gíga ti máa ń tán.

Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, àwọn èèyàn hó yèè. Ó tún fì. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí tẹ̀ sápá kan, ó fa bíréèkì, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń darí aṣọ, ní ọwọ́ kan náà, ó wọ òkòtó.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà rẹ̀ tó ń kọ gíga àti ipa ọ̀nà sílẹ̀. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ṣí i sórí kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà fún mi. N kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, àmọ́ ìlà yẹn yé mi ju ìwàásù lọ. Àbúrò mi wọ òkòtó nígbà tó ku nǹkan bíi mítà 180 sílẹ̀. Ó ń já ní mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti 180 dé 60, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 9. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ka Àdúrà Olúwa láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó dé ibi oúnjẹ òòjọ́.

Nínú yíyí yẹn, ara máa ń wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 80 á máa gbé ara kílò 240 sí 320. Ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí, á wọ́ lọ sẹ́sẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ ṣú bí eérú, etí ìran á máa sún wọlé, bí kò bá sì tètè jáde, ó lè dákú síbẹ̀ kí aṣọ máa yí i lọ. Àwọn aṣọ kan wà tí kì í dédé jáde nínú òkòtó kódà bí ọwọ́ bá tú bíréèkì sílẹ̀. Àfi kí ẹni náà gbé ìdí sódìkejì, kó sì fi ìwọ̀n fa bíréèkì ẹ̀gbẹ́ òde. Mo bi olùkọ́ pé ṣé ó dákú ni. Ó ní rárá, ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ó ní jíjáde ló kó bá a, kì í ṣe yíyí.

Bí aṣọ bá ń sáré tó báyẹn tí wọ́n sì já a jáde lójijì, eré yẹn kì í ṣòfò, ó gbọ́dọ̀ rí ibì kan lọ. Á gbé ẹni náà sókè fìì, aṣọ á kù sẹ́yìn, lẹ́yìn náà aṣọ á sáré kọjá orí rẹ̀ lọ síwájú. Bíréèkì ni wọ́n fi ń dá a dúró, ní àsìkò tó yẹ, kò gbọdọ̀ yá jù, kò gbọdọ̀ pẹ́ jù. Tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ náà fọ́ wọlé, etí rẹ̀ há sáàárín okùn, kò sì tú. Ìdajì aṣọ ń fò, ìdajì ń fa sẹ́yìn, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, èyí tí kò ní in lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó mọ̀ ọ́n. Okùn kan wà tí wọ́n ń fà láti tú etí aṣọ tó bá há. Bí ìyẹn ò bá gbọ́, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fa bíréèkì méjèèjì títí aṣọ á fi kú pátápátá lókè, kí wọ́n sì jẹ́ kó tún jí. Àbúrò mi ti kọ́ èyí lórí adágún omi, tòun ti aṣọ ìléfòó lọ́rùn, olùkọ́ ń bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọkọ̀ ojú omi sì ń dúró dè é. SIV ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yẹn. Ó ṣe é, ó yege. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n yẹn, mítà ló ń jẹ, ó sì lè jẹ ọgọ́rùn-ún mítà kó tó ṣiṣẹ́. Ní mítà 60, ọgbọ́n pé lọ́wọ́ àbúrò mi, àyè tó máa fi lò ó ni kò sí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: páráṣúùtì àpamọ́ tó wà lábẹ́ àga. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EN 12491 ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ já ju mítà 5.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tó bá ti là tán. Ìyẹn tó kéèyàn fò sílẹ̀ láti orí ohun tó ga tó mítà kan ààbọ̀. Ó lè ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀, kì í sábà pani. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wá háńdù rẹ̀ rí nígbà tí ayé ń yí, kó fà á jáde, kó jù ú síbi tí aṣọ kìíní ò ti ní gbá a mú. Okùn rẹ̀ á nà tán, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, ti lọ. Ẹni tó ń já ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti fi 20 tàbí 30 sanwó rẹ̀.

Ìlà orí kọ̀ǹpútà fi hàn pé nǹkan bíi mítà 45 ló kù nígbà tó jù ú.

Olùkọ́ náà gbé ìka rẹ̀ lé ibẹ̀, kò gbé e kúrò. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í jù ú. Wọ́n mọ aṣọ wọn débi pé wọ́n á máa bá a ṣe é, wọ́n á ní ó kù díẹ̀ kó tú, ó kù díẹ̀ kó tú, títí ilẹ̀ á fi pàdé wọn pẹ̀lú bíréèkì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni ọpẹ́ mi wà. Bẹ́ ẹ bá ní kí n tọ́ka ibi tí mo ti rí ọwọ́ Ọlọ́run, n kò ní tọ́ka sí ilé ìwòsàn. Orí mítà 45 ni n ó na ìka sí, níbi tí ọmọkùnrin tó máa ń ṣe agídí láti kékeré, tí kì í gbà láé pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ òun, ti jọ̀wọ́ aṣọ tó fẹ́ràn jù láyé, tó sì na ọwọ́ sí ìkejì. Ta ló kọ́ ọ? Olùkọ́ ni, mo mọ̀. Ó ti mú un jókòó sórí àga tí wọ́n fi okùn so kọ́, ó ń yí i, ó ń pariwo lé e lórí pé "Jù ú!" títí ọwọ́ fi mọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọlọ́run tó ń lo olùkọ́ náà ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Páráṣúùtì náà là, ó kù fín-ín kó là tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi balẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí igbó kúkurú bò ló gbà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ká ní mítà 14 yẹn ló fi kanlẹ̀ ni, gíga mítà 10 ni ì bá ti jẹ́. Ariwo rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Ohun tí mo rántí ni pé ẹni tó ní "Dá a fún wa" yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Nígbà tí a sáré débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ gbé e mọ́ra. Màmá àgbàlagbà kan tí a ò mọ̀ rí, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, jágbe mọ́ ọn pé, "Ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án!" Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí àbúrò mi mú tòun ti àkẹtẹ̀ ààbò lórí, kò jẹ́ kó mì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí àkẹtẹ̀ náà. Àṣé wàhálà ò tíì tán. Atẹ́gùn díẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti tún wọ inú páráṣúùtì, okùn ti le gbandi, ó ti fẹ́ wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ lórí òkúta pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ṣẹ́. Mo rí i tí àga náà sún, bí ìka méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò lé páráṣúùtì náà mọ́lẹ̀, ó fi ara rẹ̀ bò ó, ó ń ká aṣọ mọ́ra bí ẹni ń lé adìyẹ mú, títí gbogbo rẹ̀ fi rọ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bóo bá ń ka èyí, àbúrò mi ọ̀wọ́n, Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹ nílẹ̀.

Èmi ni mo pe màmá wa. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó ná." Wọ́n ní, "Mi ò jókòó. Ṣé ó ń mí?" Mo ní ó ń mí. Wọ́n ní, "Ó tó. Ìyókù, ẹ máa sọ ọ́ fún mi bí mo bá dé."

Eegun tó fọ́ ni wọ́n ń pè ní L1, àkọ́kọ́ nínú eegun ìbàdí. Dókítà ṣàlàyé pé ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́ bí èèyàn bá fi ìdí já láti òkè, torí pé apá òkè ẹ̀yìn tí egungun ìhà dì mú le, ìbàdí sì rọ̀, ibi tí líle ti pàdé rírọ̀ ni agbára náà máa ń gbà jáde. Àdúgbò yẹn kan náà ni okùn iṣan tó ti inú ọpọlọ wá ti ń parí, tó ti ń ya sí ẹsẹ̀, sí àpò ìtọ̀, sí gbogbo ibi ìkọ̀kọ̀. Èérún eegun kan ti yọ sẹ́yìn, ó ń tẹ ibẹ̀. Kékeré báyìí sí i, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Dókítà dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó fi bírò fa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín sókè." Ojú gbogbo wa wà lára ìka kan. Ó pẹ́ o. Lẹ́yìn náà ìka náà gbéra, ó gbọ̀n, ó dúró sókè. Ti òsì náà tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ọ̀pá titanium méjì àti ìdè onírin mú eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ èyí tó fọ́, kí ó lè sinmi láàárín wọn kó jinná. Bí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀, ẹ ó rò pé káfíńtà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Káfíńtà rere ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í sọ nínú ẹ̀rí. Ìtọ̀ ló kó ẹ̀rù bá wa jù. Rọ́bà ni wọ́n fi ń fa á, nọ́ọ̀sì á sì máa béèrè láràárọ̀ pé ṣé ó mọ̀ ọ́n lára. Kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ á lọ sunkún sílé ìwẹ̀, á fọ ojú, á padà wá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí àbúrò mi là ojú láàárọ̀ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí," mo jó. Mo jó jáde nínú yàrá yẹn, tìlù tìfọn ló kù. Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀ bi mí pé kí ló dé, mo sọ fún un, òun náà da ẹsẹ̀ sí i.

Ó ti ń jókòó dáadáa nígbà tí mo tó bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Olùkọ́ rẹ̀ ti fi mítà 200 ṣe ààlà fún gbogbo wọn: bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, òkìtì tán, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Mo ní kí ló gbé e kọjá ààlà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo kọjá rẹ̀." Ó ní òun ti wọ òkòtó rí ní gíga tó lé díẹ̀ lórí ààlà, ó dára. Lọ́jọ́ mìíràn ó bá ara rẹ̀ lórí ààlà gan-an, ó dára. Lẹ́yìn náà ó bọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ó dára. Kò sí ọjọ́ kankan tó jókòó pinnu pé òun á ṣe é nísàlẹ̀. Dídára tó ń dára yẹn ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́ fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ojú ẹni tó ń yí kì í lè wọn gíga, ilẹ̀ á kàn máa fẹjú sí i ni. Ẹ̀rọ tó ń wò sì lè máa sọ gíga sí ìpele òkun fún un, nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti gòkè wá pàdé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ náà kì í mọ́: igi, òkìtì ilẹ̀ àti ilé máa ń dà á rú, tí ó fi ń ru lẹ́yìn wọn. Ohun tó jẹ́ ìmìtìtì kékeré lókè á di ọ̀ràn ní mítà 50.

Látìgbà tí ìròyìn ti tàn pé ara rẹ̀ ti ń yá, oríṣi èèyàn méjì ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn kìíní ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Mo ti wo ìlà yẹn lókè àti nísàlẹ̀, láti 180 dé 45, n kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ọwọ́ àbúrò mi lórí bíréèkì. Àwọn kejì, ọ̀rọ̀ tiwọn ló ń dùn mí jù, torí pé onígbàgbọ́ ni wọ́n, ire ni wọ́n sì ń rò. Wọ́n ní Ọlọ́run tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò yí padà, kó padà lọ síbẹ̀, kó lọ ta á níbi tó ti já, kí ojú lè ti Sátánì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló wà lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ sí, tó ń sọ fún Olúwa wa pé kó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì á gbà á? Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé Olúwa wa kò bẹ́.

Ṣé á tún fò? Ó ní òun á fò. Ó sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò dá a lóhùn, ó ń bá iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Èmi náà ò tíì mọ ohun tí n ó sọ. Màmá wa ní kó kọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà ná.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi hẹlikópítà gbé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá tó di orí rẹ̀ mú. A ti wá wọn rí, a ti lọ kí wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn tí àbúrò mi ń pè ní ọ̀gá ológun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ká páráṣúùtì náà sínú àpò rẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, torí ó ká a dáadáa.

Àbúrò mi ló ní kí n má parí láìsọ èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tirẹ̀. Irú eré kan náà ló gbé e débẹ̀, nísàlẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n páráṣúùtì tirẹ̀ kò jáde. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò tíì gbéra. Màmá wa ti sọ ọ́ di ọmọ, bí wọ́n bá ti kí èyí tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Dókítà ní ìwúlé okùn iṣan inú eegun ẹ̀yìn náà ṣì lè lọ sílẹ̀, pé ó ti yá jù láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú u ká. Wọ́n tún fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.